Pọ́ọ̀sì Tó Kúrò Lórí Ìlù

Ìdí ìlù rẹ̀ ni wọ́n pa Hosea Pettway sí. Ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń wọ́ yìnyín láyé àtijọ́, tó ti wà lára ògiri bí ẹ̀ṣọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ni ẹni náà yọ, tó fi gbá bàbá náà lórí, tó tún gbá a, títí agbárí rẹ̀ fi là. Verlene, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó gbé bísíkíìtì àti kọfí wá fún un láàárọ̀, ló pe ọlọ́pàá. Kọfí náà ṣì wà nílẹ̀ níbi tó ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Odessa Tarver, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Tullis ní Mississippi, fi áńkáṣífù bo imú kó tó wọlé. Oṣù kẹjọ ni, ooru ò sì ṣàánú òkú. Eṣinṣin ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ilé yìnyín ni Wrenfield, ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí wọ́n pa á sí yìí, tẹ́lẹ̀. Òyìnbó kan, Haddon àgbà, ló rà á, tó kó ìlù àti dùùrù sínú rẹ̀, tó pe àwọn ọmọ oko òwú pé kí wọ́n wá kọrin. Orin sóòlù, orin ìfẹ́ àti ìrora àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n kọ nínú ilé yẹn, wọ́n jó o dé ibi tí ẹsẹ̀ àwọn tó kọ ọ́ ò lè dé láéláé. Ọ̀kan ló ju gbogbo wọn lọ: “Má Pa Àtùpà, Mo Ń Bọ̀,” tí orúkọ Rayford Stubbs wà lórí rẹ̀. Ibì kan wà níparí orin náà tí ohùn máa ń gòkè lọ réré, tí àgbàlagbà á máa sunkún bí ọmọdé. Tí Rayford bá ń kọ ọ́ lójú agbo, tó bá ti débẹ̀, ṣe ló máa ń na máìkì sí èrò kí wọ́n bá òun kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ Wrenfield di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ère Rayford tí wọ́n fi idẹ ṣe ti wà lẹ́nu géètì, tapólì bò ó.

“Pọ́ọ̀sì ẹ̀ ò sí lápò,” Ṣẹ́rífù Boyce, ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀, sọ. “Olè ni. A sì ti mú olè náà. Dell Mabry. Ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì lẹ́yìnkùlé ìyá ẹ̀ nígbà tá a ká a mọ́.”

“Ṣé ó ti jẹ́wọ́?”

“Rárá. Àmọ́ àwọn ọmọ ti nà án dáadáa.” Kò tiẹ̀ tijú. “Mọ́tò ẹ̀wọ̀n ńlá ń bọ̀ wá gbé e kí oòrùn tó wọ̀.”

Dell ti ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ rí, òun ló sì jẹ́rìí ta ko àwọn tó gún ẹlẹ́wọ̀n kan pa. Àwọn yẹn ti búra pé tó bá tún fẹsẹ̀ kan ibẹ̀, òkú rẹ̀ ló máa jáde. Boyce mọ̀. Gbogbo Tullis ló mọ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ ibí yìí wò.”

“Yẹ̀ ẹ́ wò. Mọ́tò ò ní dúró dè ẹ́.”

Odessa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aago góòlù Hosea ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Olè wo ló máa fi ìyẹn sílẹ̀? Fáànù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti pa á, nínú irú ooru yìí. Ó wá wo ìlù kékeré tó máa ń wà láàárín orúnkún onílù. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sí gbogbo ojú rẹ̀, àfi ibì kan láàárín tó mọ́ tónítóní, tó ní igun mẹ́rin, tó sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Nǹkan kan wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ta. Ẹnì kan wá gbé e lẹ́yìn náà.

Máìkì kan dúró níwájú ìlù. Odessa kì í ṣe obìnrin kúkúrú, síbẹ̀ máìkì yẹn ga ju iwájú orí rẹ̀ lọ, wọ́n sì dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Nínú yàrá ẹ̀rọ, lẹ́yìn gíláàsì, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ṣì gbóná. Róólù kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, lápá ọ̀tún, téèpù tó wà lára rẹ̀ ò sì tó nǹkan, etí rẹ̀ sì ti já. Apá òsì, níbi tó yẹ kí ìkejì wà, ṣófo.

Ó bá Verlene ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró síwájú fọ́tò ńlá kan tí wọ́n gbé kọ́ fún ti Sátidé. Hosea nìyẹn nígbà èwe, ó ń rẹ́rìn-ín nídìí ìlù, nǹkan dúdú kan sì wà lórí ìlù kékeré. Rayford, géńdé tó ga bí òpó, na ọrùn sókè sí máìkì tó ga jù ú lọ, ó lanu bí ẹni tó ń mu omi òjò. Lẹ́yìn wọn pátápátá, ọmọkùnrin tín-ín-rín kan wà láàárín àwọn elégbè.

“Ta ni ọmọkùnrin yìí?” Odessa bi í.

“Lemuel, àbúrò bàbá mi. Wọ́n yìnbọn pa á lọ́dún tí orin yẹn jáde, torí pé ó jókòó nílé oúnjẹ tí àwọn òyìnbó ò fẹ́ kí irú wa jókòó sí.” Verlene nu ojú. “Bàbá mi ò dárúkọ ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Lọ́sẹ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní tóun bá sọ tẹnu òun tán ní Sátidé, àwọn tó gbé ère náà kalẹ̀ fúnra wọn ló máa tún fi tapólì yẹn bò ó.”

“Ó sọ ohun tó fẹ́ sọ?”

“Kò sọ. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín.”

Nínú àtìmọ́lé, Dell Mabry jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ojú rẹ̀ kan ti wú pa dé, ẹ̀jẹ̀ ń jáde látinú rẹ̀. Eyín iwájú rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́.

“Ta ló ṣe ojú ẹ báyìí?”

“Mo ṣubú ni, mà. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ nìyẹn.” Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹnu dùn ún. “Ilẹ̀ yín le o.”

“Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi.”

“Bàbá ló ń kọ́ mi nílù. Mo máa ń lọ síbẹ̀ lówùúrọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo bá a nílẹ̀, mo gbé e mọ́ra, mo rò pé ó ṣì ń mí. Ìgbà tí mo rí i pé ó ti lọ, mo sá. Ọmọ ẹ̀wọ̀n bíi tèmi, Àǹtí Odessa, tó gbé òkú dání. Ta ló máa gbà mí gbọ́?”

“Kí ló máa ń wà lórí ìlù kékeré yẹn?”

“Pọ́ọ̀sì ẹ̀ ni. Kì í jẹ́ kí ìlù náà hó jù, á wá máa dún bọ́tọ́ bọ́tọ́. Gbogbo àwo Wrenfield tẹ́ ẹ gbọ́, pọ́ọ̀sì wà lórí ẹ̀. Àmọ́ ìgbà tí téèpù bá ń yí nìkan ni o. Téèpù bá ti dúró, ó ti padà sápò nìyẹn.”

“Fáànù ńkọ́?”

“Máìkì á gbọ́ ọ. Téèpù bá ń yí, a ò gbọ́dọ̀ tan fáànù, kódà tá a bá ń làágùn bí ẹṣin.”

“Ṣé ìwọ náà mọ ẹ̀rọ yẹn lò?”

“Ta ló ń bá a tẹ̀ ẹ́ bí kì í ṣe èmi?” Dell di irin mú. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. “Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀. Wọ́n máa pa mí. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa pa mí.”

Odessa ò ṣèlérí kankan fún un, ṣùgbọ́n ṣe ló sáré jáde kíá. Kì í ṣe olè ló wọlé tọ Hosea. Hosea ń gba orin sílẹ̀ ni, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀, ẹni náà ló sì pa á.

Curtis Lyle Haddon, ọmọ Haddon àgbà, òyìnbó kúkúrú kan tó nípọn, wà ní fàráńdà Wrenfield, ó ń mu sìgá. Gbogbo èèyàn ló gbọ́ nígbà tóun àti Hosea jọ ń jà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

“Wọ́n ní o sọ pé o máa pa á,” Odessa sọ.

“Mo sọ pé màá fọ́ ẹnu ẹ̀. Mo sọ ọ́, mi ò jiyàn. Ó pe bàbá mi ní òpùrọ́ lójú èèyàn.”

“Irọ́ wo ni bàbá ẹ pa?”

“Ó ní kí n dúró di Sátidé. Kí n dúró di Sátidé, bí ọmọdé.” Ó ju sìgá nù, ó sì tẹ̀ ẹ́ pa bíi pé ó ṣẹ̀ ẹ́. “Àmọ́ mi ò pa á. Ọkùnrin yẹn kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn.”

“Curtis Lyle, ká ní o fẹ́ jí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lórí ẹ̀rọ yẹn, èwo lo máa gbé, tòsì àbí tọ̀tún?”

Ó wo Odessa bí ẹni tó béèrè ibi tí oòrùn ti ń yọ. “Tọ̀tún kẹ̀. Òsì ni téèpù ti ń bọ̀, ọ̀tún ló ń lọ. Ohun tá a bá ti gbà, ọ̀tún ló wà. Bàbá mi ò sì jẹ́ ká ká a padà sósì, ibẹ̀ la ń fi í sí.”

“Ẹni tí ò mọ̀ ńkọ́?”

“Á gbé èyí tó bá kún. Tí orin ò bá tíì pẹ́, tòsì ló máa kún.” Ó ronú díẹ̀. “Àmọ́ ta ni ò mọ̀? Èmi mọ̀, Dell mọ̀, Verlene náà dàgbà síbí ni. Àfi àwọn olórin. Bàbá mi ò gba olórin láàyè rí kó wọ yàrá ẹ̀rọ. Ó ní wọ́n máa ń fẹ́ yí gbogbo nǹkan.”

“Má kúrò níbí,” Odessa sọ. “Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan róólù yẹn.”

Rayford Stubbs jókòó sí fàráńdà rẹ̀, ó we sícáàfù mọ́ ọrùn nínú ooru, ó ń mu tíì oníòroḿbó àti oyin. Dékìn ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣì ga, ó ṣì dára lọ́kùnrin.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ yín, Dékìn.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀wọ̀n yẹn ni. Kí wọ́n tètè gbé e lọ.”

“Ohùn yín há.”

“Ẹkún ni. Mo ti ń sunkún látàárọ̀.”

“Ìgbà wo lẹ dé Wrenfield kẹ́yìn?”

“Ọjọ́ tá a sin Haddon àgbà. Mi ò débẹ̀ láti ìgbà yẹn.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi débẹ̀ nísinsìnyí. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.”

Kọ́ọ̀bù dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní òun fẹ́ wọlé mú fìlà. Ó pẹ́ kó tó mú fìlà yẹn jáde.

Nígbà tí wọ́n dé Wrenfield, mọ́tò ẹ̀wọ̀n ti wà níta, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún, Dell sì wà nínú rẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ṣẹ́rífù Boyce ń wo aago. Verlene dúró ti dùùrù. Wọ́n ti gbé òkú lọ, ẹ̀jẹ̀ ló kù.

“Ẹni tó pa Hosea fẹ́ ká rò pé olè ni,” Odessa sọ. “Torí náà ó mú pọ́ọ̀sì lọ. Àmọ́ orí ìlù ló ti mú un, kì í ṣe inú àpò. Ó mọ ibi tó máa wà. Ó tún mú téèpù lọ, àmọ́ tòsì ló mú, èyí tí wọn ò tíì gba nǹkan kan sí. Ẹni tó mọ ti ìlù, tí ò mọ ti ẹ̀rọ. Olórin ni. Ẹ wo máìkì yẹn, ẹ tún wo fọ́tò ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ta ló ń na ọrùn báyẹn kọrin ní gbogbo Mississippi?”

Rayford ń wo ilẹ̀.

Odessa mi orí sí Curtis Lyle. Ìyẹn fi róólù òfìfo sósì, ó ká téèpù padà, ó tẹ ẹ̀rọ.

Ohùn Hosea jáde, tayọ̀tayọ̀. “Ó ti ń yí, Ray. Kọ ọ́. Tó o bá dé ibi tí Lemuel dé, mo gbẹ́nu mi dákẹ́, ère ẹ á wà níbi tó wà.”

Ìlù wọlé, bọ́tọ́ bọ́tọ́. Rayford bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Ohùn rẹ̀ ṣì dùn, ó gòkè, ó gòkè, ó dé ibi tí gbogbo wọn mọ̀, ó sì fọ́. Ó húkọ́. Ó tún gbìyànjú, ó tún fọ́. Ìlù dákẹ́.

“O rí i? Kò sí lọ́fun ẹ rí,” Hosea sọ. “Ọ̀fun ń dùn ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, Haddon ní kí Lemuel bá ẹ kọ ibi gíga yẹn ná. Wọ́n pa á kó tó gbọ́ ara ẹ̀ lórí rédíò. O jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ẹ sí i, èmi náà sì dákẹ́.”

“Hosea, má ṣe mí báyìí. Ìyàwó mi gan-an, torí orin yẹn ló ṣe fẹ́ mi.”

“Ó di Sátidé, Ray.”

Irin kan ró bí wọ́n ṣe já a lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ọ, ìró kan tó rọ̀ tó tún le, àti ohùn Hosea tó ń pe Jésù. Curtis Lyle na ọwọ́ kó pa ẹ̀rọ.

“Má pa á,” Verlene sọ. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. “Jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ ọ.”

Wọ́n gbọ́ ọ títí téèpù fi já.

Rayford yọ ìbọn pélébé lábẹ́ fìlà. Ẹ̀rọ ló dojú rẹ̀ kọ. Ọta àkọ́kọ́ fọ́ gíláàsì, ó já etí Curtis Lyle lọ. Kó tó yin èkejì, Odessa ti fa ọ̀pá máìkì yẹn tu, ó sì fi ìdí rẹ̀ fọ́ ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà. Wọ́n gbọ́ bí egungun ṣe ṣẹ́. Ìbọn já bọ́. Boyce fò lé e, ó tẹ ojú rẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀.

“Pọ́ọ̀sì dà?” Odessa bi í.

“Inú kànga ilé mi. Òun àti téèpù.” Rayford ń sunkún, ohùn rẹ̀ ń fọ́ bó ṣe fọ́ lórí téèpù. “Gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀, mo máa ń na máìkì sí wọn kí wọ́n bá mi kọ ọ́. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ni. Ẹ̀rù ló máa ń bà mí. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ lójú ayé mi. Ṣé kò lè dúró kí n kú?”

Odessa yíjú sí Boyce. “Ẹ lọ tú Dell sílẹ̀, Ọ̀gá. Ẹ̀yin fúnra yín.”

Boyce lọ. Ojú Dell tó wú yẹn ò là mọ́ láéláé, dókítà ní wọ́n ti fọ́ ọ pátápátá.

Ní Sátidé, wọ́n ti wú ère kúrò. Verlene dárúkọ Lemuel Pettway fún èrò, ó sọ bó ṣe kú, ó sì jókòó. Dell, tí wọ́n fi báńdéèjì bo ojú rẹ̀ kan, jókòó sídìí ìlù. Ó ní kí wọ́n pa fáànù. Ó yọ pọ́ọ̀sì ti ara rẹ̀ lápò, ó gbé e lé orí ìlù kékeré, ó sì ń lù ú wọ́ọ́rọ́wọ́ bí wọ́n ṣe gbé àwo àtijọ́ “Má Pa Àtùpà, Mo Ń Bọ̀” sórí ẹ̀rọ.

Gbogbo èrò ń bá a kọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó wá ku díẹ̀ kó dé ibi gíga yẹn, wọ́n dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbà àti ọmọdé. Wọ́n jẹ́ kí Lemuel dá a kọ.