Kọ́ọ̀dù Tí Kò Dún Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ìbínú ni mo fi kí Silas lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Bàbá mi, ọ̀gá akọrin ìjọ wa l'Óǹdó, ló ránṣẹ́ pè é láti Àkúrẹ́ pé kó wá fi kọ̀ǹpútà kọ orin Ìkórè wa sílẹ̀, kí ẹ̀rọ náà sì máa tẹ̀ ẹ́ fún akọrin. Èmi Bímbọ́lá tí mò ń tẹ dùùrù láti kékeré ńkọ́? Bàbá ní àwọn kọ́ọ̀dù orin náà, ìyẹn àwọn ohùn tí à ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fẹ̀ ju ọwọ́ mi lọ.

Òótọ́ ni, ìka mi kúrú. Tí kọ́ọ̀dù bá fẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́, wéréwéré, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bàbá kórìíra rẹ̀. "Kọ́ọ̀dù kì í ṣe àtẹ̀gùn tí èèyàn ń gùn," ló máa ń wí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Silas kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Iṣẹ́ wo? Èyí tí o wá gbà lọ́wọ́ mi?"

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó ní kí n tẹ orin náà fún òun gbọ́ kí n tó lé òun. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún un tẹ̀.

Bó ṣe di pé ó ń wọ mọ́tò wá l'Óǹdó ní gbogbo Sátidé nìyẹn, tó ń fi fóònù gba ohùn dùùrù mi sílẹ̀. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ kí oṣù tó parí, òun náà sì sọ fún Bàbá pé òun fẹ́ fẹ́ mi. Sátidé kò tètè dé mọ́. Màá jókòó, màá dìde, màá lọ yọjú sí títì.

"Olólùfẹ́ mi, ara rẹ kò balẹ̀," Silas wí.

"Báwo ló ṣe máa balẹ̀? Bí iṣẹ́ rẹ bá dára, mo kúrò nídìí dùùrù. Bí kò bá dára, Bàbá ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tí ò mọṣẹ́."

"Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ẹ̀sọ̀ kọ́, ẹ̀sọ̀ ni!"

Ẹ̀rọ ọ̀hún sì lágídí. Silas fi ìlà wọ́gọwọ̀gọ síwájú àwọn kọ́ọ̀dù ńlá náà, àmì pé kí wọ́n tẹ̀ wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lójú ìwé, ó hàn. Létí, pàà! kọ̀ǹpútà ṣì ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí Silas rí ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà pé kó tẹ̀ lé àmì náà, ẹ̀rọ tún ń sáré jù. Silas dín eré rẹ̀ kù, ó gbọ́ tèmi lórí fóònù, ó tún dín in kù.

"Àmì yẹn kò sí nínú ìwé tí Bàbá fún ẹ," mo wí.

"Ìwọ lo fi í síbẹ̀. Èmi kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ tí akọrin fẹ́ gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi kò dúró lójú kan. Bàbá kọ ẹ̀yìn sí dùùrù, ó dijú. Silas tẹ bọ́tìnnì. Bí orin ṣe dé kọ́ọ̀dù ńlá àkọ́kọ́, Bàbá jágbe láì lajú:

"Bímbọ́lá! Ṣé mi ò ní kí o kúrò nídìí dùùrù yẹn ni?"

"Bàbá, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà."

Ó lajú. Ó wò mí, ó wo dùùrù tí kò sẹ́ni nídìí rẹ̀, ó wá tẹjú mọ́ Silas títí.

"Ìwọ ọmọ Àkúrẹ́, èmi tí mo bí i, mi ò fetí sí i tó bíi tìẹ rí." Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Pa ẹ̀rọ yẹn. Lọ sọ fún àwọn òbí rẹ pé mò ń retí wọn."

Ó nawọ́ sí dùùrù fún mi. Mo jókòó, mo ṣi kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tẹ̀, Silas ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.