Ohùn Alhaji àti Kùránì Orí Fóònù

Ẹni tó bá gba iwájú ilé Alhaja Rùkáyàt Àkàndé kọjá ní Ọ̀fà lẹ́yìn ìrun Àsárì, yóò gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń ké Kùránì. Àjèjì á rò pé baálé wà nílé. Àwọn ará àdúgbò mọ̀ pé Alhaji Àkàndé ni, ẹni tó ti lọ bá Ọlọ́hun rẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tó wà láyé, tó rí i pé ojú ìyàwó òun kò fẹ́ rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, ló jókòó tó gba ohùn ara rẹ̀ sínú fóònù obìnrin náà. Ó ní, "Bí ojú bá kọ̀, etí á gbọ́."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ilé dákẹ́. Alhaja jókòó sórí ẹní, ó fi gíláàsì sí ṣóńṣó imú, ó ń tẹ fóònù, ó sì ń bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ alágídí wí.

Sherifat, ìyàwó àkọ́bí rẹ̀, wọlé dé láti ibi iṣẹ́. Ilé ìkàwé ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti máa ń fi bí wọ́n ṣe ń ka ìwé lórí fóònù han àwọn èèyàn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mọ́mì." Ó kúnlẹ̀.

"Káàbọ̀, ìyàwó mi. Ọlọ́hun ló rán ẹ wá. Wá bá mi pa nǹkan rẹ́. Fóònù yìí ní òun ti yó."

"Kí lẹ fẹ́ ká pa rẹ́?"

 Alhaja bọ́ gíláàsì, ó fi ìborùn nù ún.

"Ohùn Alhaji ni."

Ṣe ni Sherifat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ohùn Dádì? Mọ́mì, kí ló dé?"

Àṣé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà Àsálátù ti yan Alhaja pé òun ni yóò ka Kùránì àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sunday. Lẹ́tà inú ìwé ti kéré jù fún un. Ẹnìkan wá fi áàpù kan ránṣẹ́ sí gúrúùpù Wásáàpù wọn, ó ní Kùránì wà níbẹ̀, ìtumọ̀ wà níbẹ̀, àwòrán Mẹ́kà tó ń tàn yòò náà wà níbẹ̀. Ẹ sì mọ gúrúùpù Wásáàpù: ẹni tí ò mọ ibi tí nǹkan ti wá ló máa ń yá jù láti fi í ránṣẹ́. Alhaja tẹ̀ ẹ́, fóònù ní kò sáyè, àfi kó yọ nǹkan kúrò.

Sherifat gba fóònù náà wò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Áàpù Kùránì ló tò lọ rẹrẹ níbẹ̀.

"Mọ́mì, èwo lẹ ń kà nínú gbogbo ìwọ̀nyí?"

"Kò sí. Ìkan, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Ìkan ò ní ṣí bí mi ò bá ra dátà. Ìkan tún wà, mo ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun lọ́wọ́, ó gbé obìnrin tó ń polówó ìpara síwájú mi. Mo ní *Astagafurulahi!*"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò yọ wọ́n kúrò?"

Alhaja wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Yọ Kùránì kẹ̀? Ta ló ń da Kùránì nù? Èyí tó gbó gan-an, a máa ń fi aṣọ funfun wé e ni, ká gbé e fún Alfa. Kàkà kí n da ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun nù, màá fi ohùn ọkọ mi sílẹ̀. Alhaji fúnra rẹ̀ ò ní bínú." 

Àánú rẹ̀ ṣe Sherifat. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kì í ṣe ohun tí ìyàwó ilé ń bá ìyá ọkọ jiyàn lé lórí. Alfa Kabir tó ń darí Àsálátù ló pè lórí fóònù tirẹ̀, ó ro ọ̀rọ̀ náà fún un, ó sì jẹ́ kí Alhaja fetí ara rẹ̀ gbọ́ èsì.

Alfa ní, "Alhaja, tábìlì tẹ́ ẹ ń gbé Kùránì lé, tó bá mẹ́hẹ, tẹ́ ẹ gbé e jáde, ṣé ẹ ti da Kùránì nù?"

"Rárá, Alfa."

"Tábìlì ni áàpù. Èyí tẹ́ ẹ ò kà, ẹ fi Bísímílà yọ ọ́. Èyí tí wọ́n sì fi sí gúrúùpù yẹn, èmi ò mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"*Alhamdulilahi!*" Alhaja dìde dúró. Ẹ̀rín àti omijé jọ dé sójú rẹ̀.

Sherifat yọ àwọn tí kò wúlò kúrò, ó sì ṣí ọjà áàpù tó bá fóònù náà wá, ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù tuntun. "Ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbí, Mọ́mì. Èyí wúwo, yóò jẹ fóònù yín tán. Èyí fúyẹ́." Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wo nọ́ńbà àwọn èèyàn Alhaja.

Alhaja la ojú sílẹ̀. "Ẹni tó fẹ́ fún mi ní Kùránì, kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà àbúrò mi ṣe?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn!" Sherifat yọ ọ́ dànù lójú ẹsẹ̀. Òmíràn tí wọ́n gbà kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n pa dátà, ó ṣì ṣí. Wọ́n mú lẹ́tà rẹ̀ tóbi, Alhaja bọ́ gíláàsì, ó sì ń rí i. Ó gbé Kùránì ìwé rẹ̀ wá, wọ́n fi ojú ìwé bíi mélòó kan wé ara wọn, wọ́n bára mu. Sherifat wá fi ẹ̀dà ohùn Alhaji sínú fóònù tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, Alhaja kà á já geere. Nígbà tí wọ́n kí i, ó fa Sherifat dìde. "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìyàwó mi rèé. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ì báà jẹ́ Kùránì, ì báà jẹ́ Bíbélì lẹ fẹ́ máa kà lórí fóònù, ọjà áàpù tó bá fóònù yín wá ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Ẹ má tẹ ohun tí wọ́n kàn jù sí gúrúùpù. Ẹ yan èyí tó fúyẹ́, tó ń ṣí láìsí dátà, tí lẹ́tà rẹ̀ ṣeé mú tóbi, tí ìpolówó kò sì ní já lu ìwé kíkà yín. Áàpù tó bá ń béèrè àṣírí yín, ẹ lé e jáde. Kí ẹni tó mọ ìwé bá yín yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò. Ìkan ṣoṣo tó dára ti tó. Bí ohùn èèyàn yín kan bá sì wà nínú fóònù yín, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn lónìí, ẹ má fi di ọ̀la.

Bẹ́ ẹ bá gba iwájú ilé Alhaja kọjá nírọ̀lẹ́ báyìí, ohùn méjì lẹ máa gbọ́. Alhaji ń ké e, ìyàwó rẹ̀ sì ń fojú bá a lọ, ó ń kà á sókè tẹ̀lé e.