Ilé Tí Ayọ̀bọ́lá Kọ́ fún Bíńtín

Láyé ọjọ́un, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọmọbìnrin kan ń gbé ní Arámọkọ. Ayọ̀bọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni.

Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Ìkìrun ló ti wá. Láàárọ̀, ayùn rẹ̀ á máa ké: "Ṣìrì-ṣòrò! Ṣìrì-ṣòrò!"

Ègé igi á máa já bọ́ sílẹ̀. Pó! Pó! Pó! Ayọ̀bọ́lá á ṣà wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀.

Háà, òórùn igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́! Kò sí ohun ìṣeré tó dùn tó ègé igi láyé ìgbà yẹn.

Ayọ̀bọ́lá ní òròmọdìẹ kan. Bíńtín lorúkọ rẹ̀, nítorí bíńtín ló rí. "Píyẹ́! Píyẹ́!"

Mẹ́ta ni ìyá àgbà fún un láti Erijiyan. Àṣá ti gbé méjì lọ.

"Ayọ̀," ni Màmá wí, "bí Bíńtín ò bá ní ilé tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, màá dá a padà sí Erijiyan lọ́la."

Ayọ̀bọ́lá gbá Bíńtín mọ́ra. Ó fẹ́ràn Bíńtín púpọ̀. "Màá kọ́lé fún un!"

Ó da apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Wàràwàrà! Ó to igi bí bàbá rẹ̀ ṣe ń to pákó. Ọ̀kan lórí ọ̀kan. Ọ̀kan lórí ọ̀kan.

Bíńtín fara kàn án. Gbàràgàdà! Ilé wó.

Ó tún un tò. Ọ̀kan lórí ọ̀kan. Atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀. Gbàràgàdà! Ilé wó.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."

"Bàbá mi, ẹ bá mi fi ìṣó kàn án."

"Ìṣó tán, ọmọ mi. Ó di ọjọ́ ọjà."

Omijé lé ròrò sójú Ayọ̀bọ́lá.

Ní òdìkejì títì, Bàbá Bíríkìlà ń to búlọ́ọ̀kù. Ayọ̀bọ́lá lọ bá wọn. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kí ló dé tí ilé tiyín kì í wó?"

"Ulé?" ni Bàbá Bíríkìlà fi ohùn Èkìtì wí. "Ọmọ káfíńtà, wò ó dáadáa. Kí lo rí?"

Ayọ̀bọ́lá wo ògiri. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ẹyọ kan jókòó sórí méjì!"

"Ẹn-ẹn! Ó ń di méjèèjì mú."

Ayọ̀bọ́lá sáré lọ sílé. Ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kó lè tẹ́jú. Pẹ̀, pẹ̀, pẹ̀.

Ọ̀kan lórí méjì. Ọ̀kan lórí méjì. Ògiri ń ga.

Ṣùgbọ́n àlàfo kan ṣẹ́ kù ní igun. Igi gígùn ò wọ̀ ọ́. Ayọ̀bọ́lá tú apẹ̀rẹ̀. Ó rí ègé kékeré kan nísàlẹ̀. Ṣọ́! Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

Ó fi àlòkù páànù bò ó lórí. Ó fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, bíńtín.

Fìììì! Àṣá já wálẹ̀ láti òkè!

"Bíńtín, sáré wọlé!"

Bíńtín sáré. Kú-kú-kú-kú! Ó wọlé.

Gbàà! Àṣá balẹ̀ sórí páànù. Ilé mì. Ayọ̀bọ́lá dijú.

Ó lajú. Ilé ò wó!

Àṣá fò lọ lọ́wọ́ òfo.

"Píyẹ́!" ni Bíńtín wí láti inú ilé.

Màmá gbé Ayọ̀bọ́lá sókè. "Bíńtín ò lọ sí Erijiyan mọ́!"

Bàbá Bíríkìlà pariwo láti òdìkejì títì: "Bíríkìlà kékeré, ẹ kú uṣẹ́ o!"

Ọjọ́ ti pẹ́. Ayọ̀bọ́lá ti di ìyá ọmọ. Ayùn bàbá rẹ̀ ò ké mọ́, Ayọ̀bọ́lá sì máa ń ṣàárò bàbá rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ègé igi ṣì wà.

Ṣọlá, ọmọ rẹ̀, ń fi wọ́n kọ́lé. Ọ̀kan lórí ọ̀kan. Gbàràgàdà!

"Màmá mi, ó wó!"

Ayọ̀bọ́lá jókòó tì í. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Tún un tò, ọmọ mi. Wò ó dáadáa. Kí lo rí?"