Alága Ti Dùbúlẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ pe èyí nírọ́, kó máa pè é bẹ́ẹ̀, n ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Aránṣọ tó ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà. Ìdájí ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Aránṣọ yìí àti ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń wà nílé, ìdí nìyẹn tí ọkọ fi ra ajá. Ajá kẹ̀! Ọmọ màlúù ni kí ẹ pè é. Orí rẹ̀ tó ìkòkò, ó sì máa ń jókòó bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìpàdé. Ni ìyá ọkọ bá sọ ọ́ ní Alága.

Ọkùnrin tó sin ajá náà, tó tà á fún ọkọ, ti kìlọ̀ fún wọn. "Orí òkè ni ìran wọn ti ṣẹ̀," ó ní. "Àgùntàn ni wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀. Ìkùukùu kì í jẹ́ kí wọ́n ríran, imú ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹran pé. Bí ọ̀kan bá kù síta, wọn ò ní dùbúlẹ̀. Bó bá ti pé, wọ́n á dábùú ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó tún wọlé mọ́ nìyẹn."

"Ṣé ó máa ń géèyàn jẹ?" ìyá ọkọ bèèrè.

"Rárá, mà. Ó kàn máa ń kọ̀ ni."

Ọkùnrin náà gba aṣọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti wọ̀, tí wọn ò tíì fọ̀, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ kí ajá sùn lé wọn. Láti ìgbà náà, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, Alága á gbóòórùn àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, á mí kanlẹ̀, á sì lọ sùn sẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà tó yá, ọkọ jáde, kò wọlé. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Òjò wínníwínní ń rọ̀, kò dá. Alága dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, oorun ń kùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò dùbúlẹ̀. Aránṣọ náà á rán aṣọ díẹ̀, á dá maṣíìnì dúró, á tẹ́tí. Kò fẹ́ nǹkan kan láyé mọ́ ju kí ọkọ rẹ̀ wọlé lọ.

Nígbà tí àánú ajá náà ṣe é tán, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ kan tí kò tíì fọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ó na apá aṣọ náà méjèèjì, títí kan èyí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀.

"Wò ó, Alága. Ó ti dé. Lọ sinmi." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ajá gbóòórùn aṣọ náà. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè díẹ̀, síbi ìrọ̀rí, ó ju ìrù. Ó mí kanlẹ̀. Ó lọ dábùú ẹnu ọ̀nà, ó sùn.

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Aránṣọ náà fi orí lé maṣíìnì, ó tòògbé. Ìró òjò ń jìnnà sí i.

Gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n.

"Abẹ́rẹ́ mi, ṣílẹ̀kùn. Òjò ti pa mí."

Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Abẹ́rẹ́ bí kò ṣe ọkọ rẹ̀. Ó fò dìde, ó sáré. Ṣùgbọ́n Alága ti wà lórí ìdúró, ó ń kùn láti inú ikùn wá. Obìnrin náà tì í, tì í, bí ẹni ń ti ògiri.

"Alága, ọ̀gá ẹ mà ni!"

Ajá kọ̀. Ni obìnrin náà bá bú sẹ́rìn-ín. Áà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é! Lójú ajá, ilé ti pé. "Ẹ dúró díẹ̀, mò ń bọ̀!" ó kígbe, ó yà sí yàrá kó lọ mú aṣọ náà kúrò.

Ìyá ọkọ rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu yàrá, ó fi ìka sí ètè.

"Rọra o, ìyàwó mi. Má jí i. Kò tiẹ̀ kí mi tó fi sùn."

"Ta ni, mà?"

"Ta ni kẹ̀? Ọmọ mi."

Ìyá ọkọ ká kọ́tìnì. Ẹnì kan kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, bí èémí ṣe ń lọ. Apá aṣọ tí aránṣọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ló wà lókè.

"Abẹ́rẹ́," ẹni náà sọ láti ojú oorun, "wá sùn."

Ẹ̀rù ba aránṣọ náà. Ó fà sẹ́yìn, ó padà sẹ́nu ọ̀nà.

"Abẹ́rẹ́?" Ohùn ti ìta ń gbọ̀n fún òtútù. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Obìnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò ilẹ̀kùn. Kò yí i. Alága wò ó, ó sì rọra dùbúlẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, ó wúwo, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ibẹ̀ ni aránṣọ náà bá ọ̀rọ̀ dé nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi nílé rẹ̀. Mo fẹ́ bi í bóyá ó padà ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan pè é láti inú yàrá, "Abẹ́rẹ́," ó sì dìde, ó lọ. Alága ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní láti gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ kí n tó lè jáde.