Ẹni Tó Kọ̀wé Sára Ògiri Ilé Ọṣẹ

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ìka tú eérú ààrò wò, nígbà tí ìró náà bẹ̀rẹ̀.

Kùrú. Kùrú. Kùrú.

Igi ń yí nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ rèé, ìkòkò kan ṣoṣo tó wà nínú ilé ọṣẹ náà dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Àǹtí, ẹ ò gbọ́ ni? Ìyá àgbà ni. Wọ́n ń roṣẹ."

"Òkú kì í roṣẹ."

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, irun apá rẹ̀ dìde. Ìyá tí wọ́n ń sọ, ìyá tó bí òun gan-an ni.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ọmọ yìí ro ọṣẹ àkọ́kọ́, nítorí pé ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń rùn débi pé olùkọ́ ní kó lọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Ó ṣe é bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe é, pẹ̀lú koríko ọba àti igi ìroṣẹ wọn. Ìbọ̀sẹ̀ mọ́. Olùkọ́ bèèrè ọṣẹ. Ọ̀gá iléèwé bèèrè. Kò pẹ́ tí ajá aládùúgbò pàápàá fi ń ta sánsán bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, tí gbogbo ènìyàn sì ń pe ọmọ náà ní Ọ̀gá Ọlọ́ṣẹ. Ilé ìtura ńlá kan ní kó ṣe ọgọ́ta. Ọkọ̀ wọn ń bọ̀ lọ́sàn-án òní.

Àná, nígbà tó dé láti iléèwé, ọgọ́ta ọṣẹ ti pòórá, tòun ti igi. Ẹnì kan fi èédú kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà: OSE YI TO.

"Ọṣẹ yìí tó," ni ọmọ náà kà. "Inú ń bí wọn pé mo mú iṣẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ àwọn ni, Àǹtí, n ò ní roṣẹ mọ́ láé."

Kò ṣeré.

"Àgádágodo kò já. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi. Mo máa ń fi í sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù òdìkejì bí mo bá ń lọ síléèwé. A ò rí ti ìyá àgbà láti ìgbà tí wọ́n ti kú."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ń wakọ̀ lọ ìrìn àjò. Ọjọ́ kẹrin rèé."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sọdá sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀yin lẹ kó ọṣẹ ọmọdé?"

"Èmi kẹ̀? Eku ló ń jẹ ọṣẹ tèmi nínú páálí. Inú ń bí mi, n ò purọ́. Àmọ́ ìyàwó mi ò jẹ́ kí n wọlé bí n ò bá fi ọṣẹ ọmọ yẹn wẹ̀. Bó bá tán, ìta ni mo sùn!"

Lókè orí rẹ̀ ni pátákó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà: ỌJÀ YÌÍ KÒ LẸ́GBẸ́. Àmì ohùn kan kò yẹ̀.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ọmọ náà padà, wọ́n wọ yàrá bàbá àgbà, bàbá tó bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì. Ògiri kan ló pín yàrá náà àti ilé ọṣẹ níyà. Àkísà dí abẹ́ ìlẹ̀kùn.

"Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Kí ni ti àkísà?"

"Òórùn ọṣẹ ni mo fi ń dí."

Ọmọ náà gbé agolo kan lórí tábìlì, ó ka ohun tí bàbá àgbà kọ sí i lára, ó bú sẹ́rìn-ín. "OGUN YI TEMI NIKAN NI. Bàbá àgbà, ogun wo lẹ fẹ́ lọ jà?"

"Oògùn ni, olófòófó! Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìlẹ̀kùn.

"Bàbá, ìyá wa ò mọ̀wé. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tẹ̀wé. Òkú ò sì lè kọ́ ọ níbojì. 'Yìí' ni ọmọ yìí ń kọ, 'yìí' ni oníṣọ́ọ̀bù ń kọ. Ẹni tó kúrò níléèwé kí wọ́n tó yí àkọtọ́ padà ló ń kọ 'yi'. Láti àná, kò sí ọṣẹ kankan nínú ilé mọ́. Òórùn wo lẹ wá ń dí? Inú ibí ló ti ń ta."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa àpótí páànù jáde lábẹ́ ibùsùn. Ọgọ́ta ọṣẹ wà níbẹ̀. Igi ìroṣẹ àti abọ́ irin wà lórí wọn.

"Kọ́kọ́rọ́ ìyá rẹ wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ọmọ wà níléèwé ni mo kó wọn, lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹsẹ̀ mi ò gba àpọ̀jù mọ́. Igi yìí, mo máa ń yí i nínú abọ́. Ìró rẹ̀ ló ń jẹ́ kí n lè sùn."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Àádọ́ta ọdún ni mo fi jí sí òórùn yẹn. Ó kú, òórùn lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń dá gbé ni ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo pàdé ìyá rẹ lára olùkọ́. Mo pàdé rẹ̀ lára ajá! Mo bá yíjú, kò sí níbẹ̀. Ọṣẹ́ ni mo kọ sára ògiri, kì í ṣe ọṣẹ. Ọṣẹ́ tí òórùn náà ń ṣe mí yìí, ó tó. Mo fẹ́ dà wọ́n sódò. Ọwọ́ mi kọ̀."

"Ẹ̀ bá ti fi àmì sí i, Bàbá àgbà!" Omijé ti bo ojú ọmọ náà. "Mo ti rò pé wọ́n kórìíra mi."

"Ìyá àgbà rẹ? Ìwọ nìkan lo mọ iṣẹ́ wọn ṣe. Dárí jì mí."

Ọmọ náà nu imú. "Ti ilé ìtura máa lọ, mo ti ṣèlérí. Ti àdúgbò, màá wá òórùn mìíràn sí i."

"Fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi."

"Ẹ mú méjì."

Awakọ̀ ilé ìtura yẹ páálí wò. "Ọgọ́ta la ní kí ẹ ṣe."

"Méjì wà látìmọ́lé," ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dá a lóhùn. "Máa lọ."

Ọkọ̀ lọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbọn eérú kúrò lórúnkún, ó gbé àpò kọ́ èjìká. Kò wo fèrèsé ilé ọṣẹ bó ṣe ń kọjá lọ, kó má baà yíjú bíi ti Bàbá, kó má sì rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀.