Korobá Omi Lórí Iná Tíṣà

Korobá omi ló mú wọn mọ ara wọn. Tíṣà sáyẹ́ǹsì kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ yí i ká, ó ń fi iná igi kọ́ wọn ní iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe. Iná náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn ni tíṣà ìṣirò tuntun sáré yọ, ó da omi lé e lórí, ìyókù sì bá tíṣà láyà.

Ọmọ panápaná ni tíṣà ìṣirò yìí. Nílé tiwọn, ẹni tó bá rí èéfín kì í béèrè ẹni tó dá a.

"Ẹ má bínú, mo rò pé ilé ń jó ni."

"Ilé ò jó, àǹtí. Ẹ̀kọ́ mi lẹ pa yẹn."

Ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Àǹtí Korobá.

Nígbà tó yá, òun náà kó kíláàsì tirẹ̀ jáde. Wọ́n ń wọn òjìji igi láti mọ bí igi ṣe ga tó, iná tíṣà ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ fi mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ra wọn.

"Ṣé wàá máa gbé korobá tọ̀ mí lẹ́yìn títí ayé ni?"

"Ìwọ ṣáà máa dáná, ọkọ mi. Omi ò wọ́n mi."

Bàbá Àǹtí Korobá kọ̀ jálẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ panápaná, àpá iná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Mo ti gbé òkú jáde nínú iná tí ẹnì kan dá, tó fi sílẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fi iná ṣeré ò lè fẹ́ ọmọ mi."

Ọmọ náà ò sì ní lọ sílé ọkọ tí bàbá rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí i. Tíṣà ò jiyàn. "Bàbá, ẹ wá bá mi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bí a ṣe ń pa iná."

Bàbá wá tìbínú-tìbínú. Ó kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń fi iyẹ̀pẹ̀ bo iná, ó sì gbádùn ẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ kí wọ́n mọ̀ lọ. Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, ó rántí fìlà tó gbàgbé. Ó padà, ó bá tíṣà níbi tó lóṣòó sí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lórí eérú.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Kò tíì tutù, sà. Mi ò lè lọ."

Inú àgbàlagbà náà yọ́. Ó lóṣòó tì í, ó fi ọwọ́ alápàá rẹ̀ kan eérú náà. Kò tíì tutù lóòótọ́.

Ọmọ rẹ̀, tó ń wá a kiri, dúró lókèèrè. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó sún mọ́ wọn.

"Àǹtí Korobá!" Bàbá ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Gbé omi wá, kí ọkọ ẹ lè ráàyè lọ sílé."

Ó sáré lọ pọn ọ́n. Ó rọra da á lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò dípò eérú, ló bá tún da díẹ̀ sí tíṣà láyà.