Ohùn Tí Adékànmí Gbọ́ Nínú Kànga

Adékànmí kì í bẹ̀rù ihò. Kànga gbígbẹ́ ni iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ní Sabon Gari, Kano, kò sì sí ìsàlẹ̀ tó ṣókùnkùn tí kò lè wọ̀.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà gbọ́n lójú ara rẹ̀. Tó bá ti délé, fóònù ló máa ń tẹjú mọ́. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ pé inú ayé ṣófo bí agbè, pé àwọn ẹ̀dá kan ń gbé ibẹ̀, àti pé àwọn náà ló ń fi ọkọ̀ oníná fò kiri ojú ọ̀run. Bí Edith ìyàwó rẹ̀ bá ní kí wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á ní, "Ẹ máa lọ. Ohun tí mo mọ̀ ju ti pásítọ̀ yín lọ."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, nígbà ọyẹ́, ó wà nísàlẹ̀ kànga kan ní Niger Street. Ó ti gbẹ́ ẹ tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Ó gún ògiri kànga náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin rẹ̀ sì ṣàdédé wọlé bí ìgbà téèyàn gún afẹ́fẹ́. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lójú. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohùn náà ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, Adékànmí kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó ké sí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ lókè pé kó fa òun jáde. Nígbà tó dókè, ó jókòó sórí ilẹ̀.

Ìbá dára ká ní ohun tó gbọ́ nìkan ló sọ. Àmọ́ ó gbé fóònù, ó ṣe fídíò, ó ní, "Mo rí ojú wọn. Ọ̀kan na ọwọ́ sí mi, ó pe orúkọ mi." Irọ́ ni. Kò rí ojú, kò rí ọwọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wò ó, wọ́n ń pè é ní ẹni àyànfẹ́. Ó dùn mọ́ ọn.

Irọ́ náà wá yíjú padà sí ẹni tó pa á. Adékànmí kò lè sọ̀kalẹ̀ sínú kànga kankan mọ́. Tó bá ń fa omi, ojú rẹ̀ á wà níbòmíràn. Ó ń rò ó pé, "Bó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá mọ orúkọ mi ńkọ́?" Praise, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò jẹ́ tẹ ìdérí gọ́tà mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń fi Hausa bi í pé, "Baba, suna zuwa?" Ṣé wọ́n ń bọ̀?

Bàbá Seth, àgbà ìjọ Edith, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, wá kí i láti Railway Quarters.

"Kànmí, jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí ìwọ̀n," ni bàbá náà wí. "Ibi tí ènìyàn gbẹ́ jìn jù láyé kò ju nǹkan bíi kìlómítà méjìlá lọ. Òkúta gbígbóná ni wọ́n bá. Bí ilẹ̀ bá mì níbì kan, àwọn onímọ̀ máa ń wọn bó ṣe gba inú ayé kọjá, kò sì rí bí ohun tó ṣófo. Àwọn iná tó ń tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀run, ẹ̀rọ tí ọmọ aráyé fi ránṣẹ́ ni. Àwọn tó ní àlejò ọ̀run bá àwọn sọ̀rọ̀, mi ò tíì rí èyí tó mú àmì kan wá tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò. Ó wá ku tìrẹ. Kí lo fi ojú ara rẹ rí?"

Adékànmí dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ máa lọ sílé."

"Màá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà ọ́ kì í ṣe ti ará ìsàlẹ̀. Ọkàn rẹ mọ̀ pé o parọ́, ó sì mọ̀ pé wàá dúró níwájú Ọlọ́run."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sígbà náà. Edith mú Praise lọ́wọ́, wọ́n ń gba France Road kọjá lọ́sàn-án. Tírélà kan kọjá, ìdérí gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì mì, ó dún bí ẹni ń kan nǹkan láti ìsàlẹ̀. Praise já ọwọ́ gbà, ó sá bọ́ sójú títì. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan gbá a.

Nígbà tí Adékànmí dé ọsibítù, ọmọ náà kò lajú. Dókítà ní kí wọ́n ṣì máa dúró. Edith kò pariwo. Ó kàn wí pé, "Àwọn ènìyàn yín ló ń sá fún."

Adékànmí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ta ni yóò ké pè? Kò sí ẹnì kankan nísàlẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀run tó ń bọ̀ wá gbà á. Ó rí i pé bí ikú bá mú òun níbẹ̀ yẹn, irọ́ ni yóò bá lẹ́nu òun.

Bàbá Seth dé, ó jókòó tì í.

"Bàbá, mi ò rí nǹkan kan," ni Adékànmí wí. "Ohùn ni mo gbọ́. Ojú àti ọwọ́ yẹn, èmi ni mo fi kún un. Ọmọ mi sì gbà mí gbọ́."

"Ẹnì kan ti ọ̀run wá ní tòótọ́," ni bàbá náà dáhùn. "Kò fara pamọ́ sínú ihò. Jésù bá ènìyàn jẹ, ó bá wọn mu, ó gba ìyà ẹ̀ṣẹ̀ wa lórí igi, ó sì jíǹde. Àwọn tó rí I yàn láti kú ju kí wọ́n sọ pé àwọn kò rí I lọ. Ìwọ ńkọ́, ṣé o lè kú fún fídíò rẹ?"

"Rárá, sà."

"Nígbà náà, jẹ́wọ́ fún Un."

Adékànmí kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì lójú gbogbo àwọn tó jókòó. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. "Jésù Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣàánú mi, gbà mí." Ó sunkún títí. Ẹ̀rù náà kò kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Ọlọ́run ti gbọ́ òun.

Lọ́jọ́ kejì, Praise lajú. Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Wọn ò bọ̀. Wọn ò sí rárá. Èmi ni mo parọ́. Dárí jì mí."

"To, Baba," ni ọmọ náà wí, bí àwọn ọmọ Kano ṣe máa ń sọ pé ó ti dáa.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Adékànmí padà sínú kànga náà pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ohùn yẹn tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ ihò náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kànga àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ti da kọnkéré bò lójú. Nígbà tó gòkè, ó rí i pé inú ọgbà ìjọ kan lẹ́yìn ògiri ló wà, àwọn ìyá ìjọ tó ń pàdé ní gbogbo Ọjọ́rú sì ń gbàdúrà lórí rẹ̀.

Ó ṣe fídíò mìíràn, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n bú u gan-an. Àwọn kan ní wọ́n fún un ní rìbá kó lè pa ẹnu mọ́. Praise ṣì ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń sùn dáadáa.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí ni ìwọ gbà gbọ́ tí o kò yẹ̀ wò rí? Àṣírí ayé lè wà ní ìka ọwọ́ rẹ, kí o má sì mọ ibi tí ọkàn rẹ ń lọ. Bóyá ìwọ náà ti sọ ohun kan tó dà bí òótọ́ lójú àwọn ènìyàn, tí o sì ń fi ìbẹ̀rù gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ọlọ́run ti rí i kí o tó sọ ọ́. Síbẹ̀ Ó rán Ọmọ rẹ̀ wá, kì í ṣe láti dẹ́rù bà ọ́, bí kò ṣe láti ru ẹ̀ṣẹ̀ náà kúrò lọ́rùn rẹ.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ọ̀la kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni wa. Níbi tí o wà yìí, lónìí, sọ òtítọ́ nípa ara rẹ fún Jésù, kí o sì bẹ̀ Ẹ́ pé kó gbà ọ́. Yóò gbà ọ́.